Ìwà awakọ̀ lójú títì: àwọn ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń béèrè jù, àti ìdáhùn wọn

Lọ́dún 2021, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 èèyàn ló kú sínú ìjàǹbá ọkọ̀ káàkiri ayé, bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe kà á. Òun ló tún ń pa àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 5 sí 29 ju ohunkóhun mìíràn lọ, àìsàn wà níbẹ̀ o. Mi ò fẹ́ kọ eléyìí bí ìwé òfin ìrìnnà, torí òfin ọ̀pọ̀ wa ló mọ̀ ọ́n, ìwà ni ìjà wà. Ẹ mú ìbéèrè tó bá kàn yín.

Ṣé kì í ṣe àwọn tí ò mọ ọkọ̀ wà ló ń fa ìjàǹbá?

Wọ́n ń fa tiwọn, mi ò ní purọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì, ojú ẹ̀ ò tíì là sí títì, ó lè má tètè rí ewu tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn nǹkan tó ń pa èèyàn lójú títì: eré àsápajúdé, ọtí, fóònù, oorun, àìde bẹ́líìtì. Èwo níbẹ̀ ni àìmọ̀ọ́wà? Gbogbo ẹ̀ pátá lohun téèyàn mọ̀ pé kò dáa tó sì tún ṣe é.

Lọ́dún 1990, olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ James Reason àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Manchester bi àwọn awakọ̀ nípa ohun tí wọ́n máa ń ṣe tí wọ́n bá wà nídìí ọkọ̀, wọ́n wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbàgbé wà níbẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ tan wáípà tó lọ tan iná. Àṣìṣe wà níbẹ̀, bí ẹni tó rò pé ọkọ̀ tó ń bọ̀ ṣì jìnnà. Àfojúdi náà wà, ìyẹn kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tí òfin ní kó má ṣe. Ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló fi hàn pé àwọn tí àfojúdi wọn pọ̀ máa ń kó sí ìjàǹbá ju àwọn tó kù lọ. Èyí tó sì le jù ni pé ẹ lè fi ẹ̀kọ́ wo àṣìṣe sàn, ẹ ò lè fi ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí sítíárìn wo àfojúdi sàn.

Mo ti ń wakọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, nǹkan kan ò ṣe mí rí. Ṣé ìyẹn ò fi hàn pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe ni?

Rárá. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbí díẹ̀, torí inú ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná, ó máa jó o lójú ẹsẹ̀, kò sì ní ṣe é mọ́. Títì ò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè ṣe òfatéèkì ní kọ́nà tí ò ti rí iwájú, kó má pàdé ẹnikẹ́ni, kó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́la á tún dán an wò, á tún kọjá. Bó ṣe ń ṣe é tí nǹkan ò ṣe é yẹn, bẹ́ẹ̀ nìbẹ̀rù ń kúrò lára ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á wá máa rò pé ọgbọ́n òun ló kó òun yọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí ì bá pàdé ẹ̀ ní kọ́nà yẹn ni ò tíì kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Àṣeyọrí ló ń rí, ewu ló ń kọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà míì, ẹni tó ti pẹ́ nídìí ọkọ̀ láṣà burúkú ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ: ó ti pẹ́ tí títì ti ń yìn ín.

Kò sì sẹ́ni tó máa ń fúnra ẹ̀ lé ara ẹ̀ sẹ́yìn. Lọ́dún 1981, olùṣèwádìí kan, Ola Svenson, ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà àti Sweden fi ara wọn wé àwọn awakọ̀ tó kù láàárín wọn. Nínú àwọn ará Amẹ́ríkà, 93 nínú 100 ló gbà pé òun wà nínú ìdajì tó mọ ọkọ̀ wà jù. Ti Sweden jẹ́ 69 nínú 100. Ìdajì mà ni wọ́n sọ o! Báwo lèèyàn 93 ṣe fẹ́ há sínú àyè èèyàn 50? Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń ka ìbéèrè yìí tẹ́ ẹ wá ń rántí dẹ́rẹ́bà kan báyìí tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí, ó ṣeé ṣe kí òun náà máa rántí yín.

Tí títì bá dá, tí mo sì mọ ọkọ̀ mi, kí ló burú nínú kí n tẹná díẹ̀ sí i?

"Díẹ̀" yẹn gan-an ni wàhálà. Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí, èkejì ń sá 65. Títì gbẹ, bíréèkì àwọn méjèèjì dáa. Ọmọ kan já sójú títì lójijì. Àwọn awakọ̀ méjèèjì rí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì gba àwọn méjèèjì ní sẹ́kọ́ńdì kan kí ẹsẹ̀ wọn tó dórí bíréèkì. Èyí tó ń sá 50 máa ti lo nǹkan bíi mítà 14 kó tó tẹ bíréèkì rárá, á tún lo bíi mítà 14 míì kó tó dúró pátápátá, àpapọ̀ ẹ̀ mítà 28. Èyí tó ń sá 65 ńkọ́? Tó bá fi máa dé ibi tí ẹnì kejì ẹ̀ ti dúró yẹn, ó ṣì wà lórí eré kìlómítà bí 50. Ẹ tún un kà. Níbi tí ọ̀kan ti dúró jẹ́ẹ́, tí ọmọ yẹn ti sá lọ bá ìyá ẹ̀, ibẹ̀ lèkejì ṣì ti ń sá iye eré tí ọ̀kan yẹn ń sá kó tó tẹ bíréèkì. Kìlómítà 15 péré ló fi ju ara wọn lọ.

Ohun tó fà á ni pé tí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí bíréèkì máa gbà kó tó dá ọkọ̀ dúró máa di ìlọ́po mẹ́rin. Kò sí mọ́tò olówó ńlá tó lè bá òfin yẹn dúnàá dúrà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́ ẹ bá fi kún eré táwọn ọkọ̀ ń sá lójú títì kan, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló máa fi kún ìjàǹbá tó ń pààyàn níbẹ̀. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tí ọkọ̀ bá sì fi kìlómítà 65 kọlù, ewu ikú tiẹ̀ fi bí ìlọ́po mẹ́rin àtààbọ̀ ju ti ẹni tí wọ́n fi 50 kọlù.

Tí mo bá ti pẹ́ ńkọ́?

Ẹ ṣírò ẹ̀. Ìrìn kìlómítà 20, tẹ́ ẹ bá ń sá 80, ìṣẹ́jú 15. Tẹ́ ẹ bá ń sá 100, ìṣẹ́jú 12. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ jèrè, ìyẹn tí ò bá sí iná tráfíìkì, tí ò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tó sì jẹ́ pé ẹ lè máa sá ọgọ́rùn-ún yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, èyí tí ò lè ṣẹlẹ̀. Gbogbo wa la ti rí ẹni tó kọjá lára wa bí ìjì, tá a tún bá a nídìí iná pupa tó wà níwájú. Ẹni tó ti pẹ́ ti pẹ́. Ẹ pe àwọn tó ń retí yín kẹ́ ẹ tó ṣíná sọ́kọ̀, ẹ ní ẹ máa pẹ́.

Mi ò kí ń di fóònù mú, inú ọkọ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀ jáde. Ìyẹn ò burú, àbí?

Ó dáa ju kéèyàn máa tẹ mẹ́séèjì lọ, torí ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọwọ́ ni fóònù ń gbà lọ́wọ́ awakọ̀. Ọkàn ló ń gbà. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Toronto, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1997, wọ́n rí i pé ẹni tó ń lo fóònù nídìí ọkọ̀, ewu pé ó máa ní ìjàǹbá tó ìlọ́po mẹ́rin, wọn ò sì rí i pé èyí tí wọn ò fọwọ́ dì mú fi bẹ́ẹ̀ sàn ju èyí tí wọ́n dì mú. Ojú wà níwájú lóòótọ́, ohun tó wà níwájú ni ò wọlé.

Wọ́n á ní ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín náà ń bá yín sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹni yẹn ń rí títì. Tí tírélà bá já wọ léènì yín, òun náà á dákẹ́, bóyá ni ò ní pariwo pàápàá. Ẹni tó wà lórí fóònù ò rí tírélà kankan, "ṣé ò ń gbọ́ mi?" ló ń sọ.

Ní ti mẹ́séèjì, ẹ wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà, ojú ẹ̀ kọ sókè, ó gbọ̀n. Ẹ ò fẹ́ wò ó. Ẹ wá ní kẹ́ ẹ kàn wo orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Orúkọ yẹn gùn dé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, "Níbo lo...", ẹ wá fẹ́ ka ìyókù, ẹ gbé ojú sókè díẹ̀, títì ṣì dá, ẹ tún gbé e sílẹ̀, àtàǹpàkò ti ń wá lẹ́tà "mo ti fẹ́ dé". Tí ọkọ̀ bá wà lórí kìlómítà 90, sẹ́kọ́ńdì márùn-ún tí gbogbo ìyẹn gbà ti gbé yín rin mítà 125, ó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, ojú yín ò sì sí níbẹ̀. Èmi ò gbà gbọ́ nínú "mi ò ní wò ó". Ẹ pa á, tàbí kẹ́ ẹ jù ú sẹ́yìn ọkọ̀ níbi tí ọwọ́ ò dé.

Igo kan ṣoṣo ni mo mu. Ojú mi dá.

Ibi tí ọtí kọ́kọ́ máa ń bà jẹ́ lára èèyàn ni ibi tí ì bá fi mọ̀ bóyá ojú òun dá tàbí kò dá. Torí náà ẹni tó bá mutí ò lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹ́rìí fún ara ẹ̀. Kọfí ò lè lé ọtí jáde lára, ìwẹ̀ omi tútù ò lè lé e, ẹ̀dọ̀ ló ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí wákàtí ṣe ń lọ, kò sì sí ohun tó lè mú kó yára. Èyí sì kan àárọ̀ ọjọ́ kejì fún ẹni tó mu púpọ̀ lálẹ́. Ìpinnu bẹ́ẹ ṣe máa padà sílé, ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó gbé ife àkọ́kọ́.

Oorun máa ń kùn mí lójú ọ̀nà. Mo máa ń ṣí fèrèsé, mo sì máa ń yí rédíò sókè. Ṣó tó?

Kò tó, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo ìyẹn ń ṣiṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà fi hàn lọ́dún 1997 pé ẹni tí ò tíì sùn fún wákàtí 17, ara ẹ̀ máa ń lọ́ra bíi ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti dé ìwọ̀n 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi òfin dè. Ẹni tó jí ní aago márùn-ún ìdájí, tó ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko, tó wá ń wakọ̀ relé ní aago mẹ́wàá alẹ́, ti débẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó máa bú u, àwọn èèyàn á tún máa yìn ín pé akíkanjú ni.

Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ò rántí bẹ́ ẹ ṣe rin ibi tẹ́ ẹ rìn kẹ́yìn, tàbí ọkọ̀ ń yẹ̀ kúrò lójú léènì, ó ti pọ̀ jù. Ẹ wá ibi tó láàbò, ẹ páàkì, ẹ sùn fún bí ogún ìṣẹ́jú.

Ọkọ̀ mi tuntun ni, bíréèkì ẹ̀ kì í jẹ́ kí tááyà yọ̀, ó sì ní báàgì afẹ́fẹ́. Ṣé kò ti dáàbò bò mí?

Ó lè dáàbò bò yín, tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó rí àyè. Nílùú Munich ní Jámánì, wọ́n fi bíréèkì tí kì í jẹ́ kí tááyà há, ìyẹn ABS, sínú apá kan lára àwọn takisí, wọn ò fi sínú àwọn tó kù. Ẹni tó bá gbọ́ á rò pé ìjàǹbá àwọn tó ní in máa dín kù gan-an. Kò dín. Àwọn dẹ́rẹ́bà wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré ya kọ́nà, wọ́n sì ń sún mọ́ ọkọ̀ iwájú, torí ọkàn wọn ti balẹ̀. Wọ́n ná ààbò tí wọ́n fún wọn tán sórí eré.

Òdìkejì ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Sweden. Ní September 3, 1967, gbogbo orílẹ̀-èdè yẹn kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Dípò kí jàǹbá pọ̀, ńṣe ló dín kù, torí ẹ̀rù ń ba gbogbo èèyàn, kálukú ń wakọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí títì tuntun wá mọ́ wọn lára, jàǹbá padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Èmi tí mo jókòó sẹ́yìn, ṣé dandan ni kí n de bẹ́líìtì?

Dandan ni. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn láìde bẹ́líìtì, tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, ńṣe ló máa fò lu ẹni iwájú ẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ fara gbá a. Bẹ́líìtì lè dín ewu ikú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kù dé ìdajì. Báàgì afẹ́fẹ́ pàápàá, ẹni tó de bẹ́líìtì ni wọ́n ṣe é fún.

Wọ́n já wọ iwájú mi, wọn ò bẹ̀ mí, wọn ò juwọ́. Ṣé kí n kàn máa wò wọ́n?

Ẹ máa wò wọ́n, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Mo mọ̀ pé ó dùn yín. Ohun tó ń mú kí inú máa bí èèyàn nídìí ọkọ̀ ju bó ṣe máa ń bí i lórí ìdúró ni pé ẹ ò rí ojú ẹni yẹn, mọ́tò lẹ rí, ẹ wá fi gbogbo ìwà ìkà sí i lórí. Ó lè jẹ́ àṣìṣe ló ṣe. Ó lè jẹ́ ọmọ ẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ó sì lè jẹ́ aláfojúdi lóòótọ́, ìyẹn gan-an ló yẹ kó mú yín jìnnà sí i, torí ẹni tó ti ń wakọ̀ bíi wèrè, kí lẹ fẹ́ lọ fi ọkọ̀ tiyín ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀? Ẹ fi àyè sílẹ̀, ó kéré tán sẹ́kọ́ńdì méjì láàárín yín àti ọkọ̀ iwájú. Tẹ́lòmíì bá tún wọ àyè yẹn, ẹ tún fi míì sílẹ̀. Kò sí ipò kìíní níbẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́jẹ́ ló máa ń wakọ̀ tá a bá jọ wà. Kí ló dé tí mò ń gbọ́ nǹkan míì nípa ẹ̀?

Torí ẹ̀yin lẹ jókòó tì í. Lọ́dún 2005, àwọn olùṣèwádìí méjì, Margo Gardner àti Laurence Steinberg, ní káwọn ọ̀dọ́langba àtàwọn àgbàlagbà ta géèmù mọ́tò lórí kọ̀ǹpútà, nígbà míì wọ́n á dá nìkan wà, nígbà míì àwọn ọ̀rẹ́ wọn á wà níbẹ̀. Báwọn ọ̀rẹ́ ṣe dúró sẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́ báyìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara wewu gan-an ni. Àwọn àgbàlagbà ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ọkùnrin tí ò tíì pé ọdún 25 sì ń kú lójú títì ní bí ìlọ́po mẹ́ta obìnrin ọjọ́ orí wọn. Torí náà lóṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá gba láísẹ́ǹsì, ẹ má gbé ọkọ̀ fún un láti fi kó ọ̀rẹ́ mẹ́rin kiri lálẹ́. Á bínú, á sì gbàgbé. Kẹ́ ẹ sì wo ara yín náà, torí ọdún méjìdínlógún ló ti fi ń wo bí ẹ̀yin ṣe ń wakọ̀.

Ohun tí Ọlọ́run bá ti kọ, ṣé bẹ́líìtì ló máa dá a dúró?

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ ẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé kádàrá ta là ń sọ? Ó lé ní ìdajì àwọn tó ń kú lójú títì láyé yìí tí kò sí nínú mọ́tò rárá, ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n, oníkẹ̀kẹ́, ọlọ́kadà. Ẹni tó ń sọdá jẹ́jẹ́ ẹ̀ ò bá yín fọwọ́ sí nǹkan kan.

Èrò ni mí, mi ò mọ awakọ̀ náà rí. Ṣé mo lè bá a wí?

Ẹ lè bá a wí, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ní Kenya, wọ́n lẹ ìwé mọ́ inú àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní matatu, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ń rọ àwọn èrò pé kí wọ́n sọ̀rọ̀ tí awakọ̀ bá ń wakọ̀ níwàkuwà. Wọ́n fi wé àwọn matatu tí wọn ò lẹ nǹkan kan mọ́. Iye ìgbà tí wọ́n lọ gba owó ìbánigbófò nítorí jàǹbá fi ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta dín kù. Ìwé pélébé lásán! Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo èrò ló ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀, kálukú kàn ń retí kẹ́lòmíì kọ́kọ́ la ẹnu. Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní kùtùkùtù, kó tó di pé gbogbo ọkọ̀ ń pariwo lé e lórí: "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ẹ rọra, àwa ò kánjú."

Ṣé kí wọ́n kàn fi owó ìtanràn kún un ni?

Owó gọbọi tí wọn kì í gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ò dẹ́rù ba èèyàn. Ohun tó ń yí ìwà padà ni kí awakọ̀ mọ̀ pé wọ́n máa mú òun. Nígbà tí ìpínlẹ̀ New South Wales ní Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ dúró láìròtẹ́lẹ̀ lóṣù Kejìlá ọdún 1982 láti yẹ èémí awakọ̀ wò fún ọtí, ikú ojú títì wálẹ̀ gan-an, torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n máa wà lọ́la.

Ṣé gbogbo ẹ̀bi náà wá jẹ́ ti awakọ̀?

Rárá o. Títì tó ní kòtò, tí ò níná, tí ò síbi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn, àfọwọ́fà ikú ni. Sweden ti fi ṣòfin láti 1997 pé èèyàn á máa ṣàṣìṣe, pé títì àti ọkọ̀ ló yẹ kí wọ́n ṣe débi tí àṣìṣe ò ní di ikú. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n títì yín lónìí ni títì tẹ́ ẹ máa gbà lónìí.

Mo ní àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Ìkìlọ̀ ò wọ̀ wọ́n létí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tẹ́ ẹ̀ ń sanwó fún. Tó bá jẹ́ iye ìgbà tí wọ́n lọ tí wọ́n bọ̀ lẹ fi ń ṣírò owó wọn, eré lẹ̀ ń rà, ẹ ò lè wá fẹnu sọ pé kí wọ́n rọra. Ẹ wo àkókò tẹ́ ẹ fún wọn: ṣé ẹni tó ń pa òfin mọ́ lè dé láàárín rẹ̀, tó sì ráyè jẹun, tó ráyè sùn? Tí ò bá ṣeé ṣe, ẹ̀yin lẹ kọ jàǹbá náà sórí ìwé kó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ fún ẹni tó bá ní "ọ̀gá, oorun ń kùn mí" láyè láti sọ bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀rù pé iṣẹ́ máa bọ́.

Ẹ̀yin náà, ẹ yéé pè wọ́n lójú ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá pe dẹ́rẹ́bà tó sì gbé e, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti páàkì. Tí ò bá tíì páàkì, ẹ gé e, kó pè yín padà tó bá dúró.